Ọkọ̀ Èrò Ń Dé Ẹsẹ̀ Òkè

Bí mo bá ti ní mò ń lọ gun òkè ní òpin ọ̀sẹ̀, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Mọ́tò ta lẹ fẹ́ gbé lọ?" Wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé ẹni tí kò ní mọ́tò kò ní nǹkan ṣe létí adágún tàbí lábẹ́ omi tó ń dà láti orí àpáta. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé jíìpù wá láti Èkó nìyẹn. Èmi kò gbà. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ni mò ń gbé, n kò sì ní mọ́tò. Gbogbo òkè tí mo ti gùn nílẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ èrò ló gbé mi dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe àkọsẹ̀bá ló jẹ́ pé ọkọ̀ èrò ń dé ibẹ̀. Láyé ogun, orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sá sí. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ní 1830. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè tiwọn láti ìran dé ìran. Ní Adó-Àwáyè náà, orí òkè ni ìlú wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun tán, tí ọ̀nà mọ́tò dé, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì jókòó sí ẹsẹ̀ òkè wọn. Nítorí náà, níbi tí òkè tó gbámúṣé bá wà, ìlú kan máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Níbi tí ìlú bá wà, ọjà wà, ilé-ìwé wà, àwọn ìyá oníṣòwò wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n sì wọlé. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn náà ni kí ẹ wọ̀. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì tí à ń gùn lórí òkè wọ̀nyí lónìí, ojú títì àwọn baba ńlá wọn ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sóko tí wọ́n sì ń gbà bọ̀ ni.

Adó-Àwáyè ni mo fẹ́ràn jù, òun ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú kékeré ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ni adágún tí wọ́n ń pè ní Ìyàkẹ́ wà. Ẹni tó wà ní Èkó pàápàá lè débẹ̀ láìṣí mọ́tò tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ń rin 157 kìlómítà láti Ẹ̀bùté-Mẹ́tta dé Ìbàdàn, ó sì ń gbà á ní nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Mọ́níyà ló ń pin sí, ní stéṣọ̀n tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ. Mo mọ àwọn èrò tó máa ń ráhùn pé stéṣọ̀n náà jìn sí ìgboro, pé ẹni tó ń lọ sí Dùgbẹ̀ tàbí Mọ́kọ́lá yóò tún wá ọkọ̀ mìíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń lọ sí Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ìṣẹ́yìn àti Adó-Àwáyè wà, àǹfààní ńlá ni, torí láti Mọ́níyà náà ni ọ̀nà Ìjàyè àti Ìṣẹ́yìn ti yà. Ọ̀nà yẹn jẹ́ 65 kìlómítà. Ó bàjẹ́ fún ọdún gbọọrọ kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún un ṣe, ìrìn tó ń mú ni ní ìrora tẹ́lẹ̀ sì ti di ohun tí àgbàlagbà lè jókòó sí láìdi ẹ̀yìn mú.

Ará Èkó, ẹ má dá a lábàá pé ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ kí ẹ sì gun òkè lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó dé Adó, oòrùn ti dé àtàrí, àpáta sì ti gbóná. Ẹ sùn lọ́dọ̀ ará tàbí ọ̀rẹ́ ní Ìbàdàn, tàbí kí ẹ wá ilé ìtura sí Ìṣẹ́yìn, kí ẹ lè jí gùn ún. Èmi tí mo ń gbé Ìbàdàn, ìdájí ni mo ti ń jáde.

Ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn kì í wo aago, èrò ló ń wò. Ó dìgbà tó bá kún. Ẹni tó ń pe èrò á máa lọgun pé, "Ìṣẹ́yìn, ẹnì kan ló kù! Ẹnì kan ló kù!" bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ṣì ṣófo ní ìdajì. Ẹ má bá a jà. Ẹ ka orí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ fúnra yín kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì ní ṣéńjì lọ́wọ́. Bó bá ku àyè kan péré tí ojú ń kán yín, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lè dáwó san àyè náà, ọkọ̀ á sì gbéra. Ohun tó ju ìyẹn lọ ni kí ẹ mọ ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà ìlú tí ẹ ń lọ ni ọkọ̀ máa ń pọ̀ jù, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ọjà wa sì ni kì í tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọrún-ọrún ni wọ́n ń ná an. Fún ìdí èyí, ọjọ́ tó bọ́ sí Sátidé lóṣù yìí lè bọ́ sí ọjọ́ mìíràn lóṣù tó ń bọ̀. N kì í wo kàlẹ́ńdà fún un. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ni mo máa ń bi, wọn kì í ṣì í.

Ní ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, mo máa ń fẹ́ jókòó sẹ́bàá fèrèsé nítorí Ìjàyè. Ẹni tí kò mọ ìtàn á kọjá níbẹ̀ láìwojú òde. Ìlú Kúrunmí nìyẹn, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó bá Ìbàdàn jagun ní 1860, ogun tí kò tán títí Ìjàyè fi tú ní 1862, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó yè sì sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ìlú tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ti di ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lónìí, oko ẹ̀gẹ́ àti igi káṣú ní ọ̀tún àti òsì. Mo máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá jókòó tì mí. Nígbà kan, ọmọdékùnrin kan tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà gbọ́ ìtàn náà, ó sì wí pé, "Màmá, ṣé ogun tí ẹ ń sọ yìí, ibí gan-an ni wọ́n ti jà á?" Ó yí ojú padà sí fèrèsé, kò sì tún wo fóònù rẹ̀ mọ́ títí a fi dé Ìṣẹ́yìn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọkọ̀ èrò nìyẹn. Ẹni tó ń wa mọ́tò tirẹ̀, títì ló ń wò.

Bí ẹ bá ní wákàtí kan ní Ìṣẹ́yìn, ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn aláṣọ òkè. Gbangba ìta ni wọ́n ti ń hun ún, lábẹ́ ìbòji páànù. Òwú gbọọrọ nà sílẹ̀ níwájú ahunṣọ, ó nà ju àgbàlá lọ, òkúta sì wà lórí ìdí rẹ̀ tó ń fà á le. Bí aṣọ ṣe ń gùn lọ́wọ́ ahunṣọ ni òkúta náà ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń sọ ọkọ̀ òwú láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì láìwò ó, tó sì ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí bọ́ọ̀lù.

Láti Ìṣẹ́yìn dé Adó-Àwáyè tó nǹkan bíi 20 kìlómítà. Ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, ọ̀kadà ló yá. Ẹni tó gbé mi lọ kẹ́yìn wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó wo àpò ẹ̀yìn mi, ó ní:

"Màmá, òkè lẹ ń lọ."

"Òkè ni, ọmọ mi. Ta ni yóò wá gbé mi padà?"

"Èmi náà ni. Ẹ gba nọ́ńbà mi. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá délẹ̀ kí ẹ tó pè mí o. Òkè lẹ ti máa pè mí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì òkè dára ju ti ìsàlẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò ju ìwé ìtọ́sọ́nà èyíkéyìí tí mo ti kà. Láti orí òkè, ẹ̀rọ fóònù ń rí òpó tó jìnnà; nísàlẹ̀, àpáta dí i. Ẹni tó bá pe ọlọ́kadà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ á bá a níbi tí wọ́n fi àdéhùn sí.

Ní ẹsẹ̀ òkè ni ẹ ó ti sanwó ìwọlé, wọn a sì fún yín ní ẹni tí yóò mú yín gòkè. Ẹ gbà á. Kì í ṣe nítorí pé ọ̀nà ṣòroó mọ̀, bí kò ṣe pé òun ló mọ ibi tí a kì í fẹsẹ̀ tẹ̀ àti ibi tí a ti ń bọ́ bàtà. Àtẹ̀gùn ló ṣáájú, ó lé ní 300. Ibi tí àtẹ̀gùn pin sí ni ìrìn gan-an ti bẹ̀rẹ̀, torí orí àpáta gbalasa lẹ ó bọ́ sí, tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí kò ní nǹkan ìdìmú. Ọmọkùnrin tó mú wa lọ kọ́ mi bí a ṣe ń rìn ín. "Ẹ má dojú kọ ọ́ tààrà, Màmá. Ẹ máa gbà á ní ìbú, ẹ lọ sọ́tùn-ún, ẹ yí padà sósì. Kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ yín kanlẹ̀." Mo ṣe bó ṣe wí, eékún mi kò sì dùn mí rárá. Gbogbo àgbàlagbà tó bá ń bẹ̀rù òkè ni mo ń sọ èyí fún báyìí: kò sí ẹni tó ń lé yín, ọ̀nà ìbú ni ẹ gbà.

Kí ẹ dúró ní ìdajì ọ̀nà kí ẹ wo àpáta náà dáadáa, ìtàn wà lára rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni irú àpáta yìí ti di líle láyé ìgbà tí a kò lè fi ọkàn wọ̀n, ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ sì ti fọ́ tí òjò ti gbá a lọ, ó wá ku òun nìkan tó yọ gàgà. Láti ìgbà náà ni ojú rẹ̀ ti ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ ó rí ibi tí ìpele kan ti gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí ìkejì, tí ọwọ́ lè wọ àárín wọn. Bí ẹ bá fi òkúta kékeré kàn án, ó ń dún bí ohun tó ṣófo nínú. Inú àlàfo wọ̀nyẹn ni iyanrìn díẹ̀ ń kó sí, koríko á hù nínú iyanrìn, igi kékeré á hù nínú koríko, alángbá olórí pupa á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń ṣàlàyé èyí ní kíláàsì nígbà kan rí, tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì ya á sójú pátákó. Lórí òkè, ìka kan péré ló gbà láti fi hàn.

Lẹ́yìn èyí ni òkúta Ìṣàgẹ̀ wà, òkúta ńlá kan tó dúró lórí àpáta bí ẹni pé ìka kan lè tì í ṣubú, tí ìjì àti òjò kò sì tì í ṣubú láti ayébáyé. Àwọn ará ìlú sọ pé òun ni wọ́n ń tọ̀ lọ láyé àtijọ́ bí ọ̀dá bá dá. Ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà náà wà níwájú, níbi tí ojú ẹsẹ̀ wà lára àpáta. Ibẹ̀ ni ẹni tó mú wa lọ ti ní kí a bọ́ bàtà. Mo bọ́ tèmi láìjiyàn. Ilé onílé ni.

Lẹ́yìn náà ni Ìyàkẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń retí omi ńlá tó lọ salalu yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu pé kò tóbi. Omi aláwọ̀ ewé jẹ́ẹ́jẹ́ ni, nínú kòtò tí àpáta gbẹ́ fúnra rẹ̀, koríko létí rẹ̀, igi díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí odò tó ń wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ, àpáta gbẹ, ewéko ti pọ́n ní gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹ fi ojú rí nísàlẹ̀, síbẹ̀ omi wà níbẹ̀. Àwọn ará Adó sọ pé kì í gbẹ, wọ́n sì sọ pé kò nísàlẹ̀, pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní padà. A kì í wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó ló ń pariwo pé irú adágún báyìí, méjì péré ló wà ní gbogbo ayé. N kò mọ ẹni tó ka gbogbo òkè ayé tó fi dé orí méjì, n kò sì rò pé Ìyàkẹ́ nílò irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Omi òjò tí àpáta gbé dání lókè tó bẹ́ẹ̀, tí ìlú odidi ti fi orí òkè kan náà ṣe ilé, ó tó ohun tí ènìyàn ń wọkọ̀ lọ wò.

Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ẹ̀kọ tutù àti àkàrà ni mo máa ń gbé dání, nítorí wọn kì í tètè bàjẹ́ nínú àpò, wọn kì í sì í wúwo nínú ènìyàn tó tún fẹ́ rìn. Omi ni kí ẹ gbé ju bí ẹ ṣe rò lọ, kí ẹ má sì da ọ̀rá píọ̀-wọ́tà sórí òkè. Kò sí ẹni tí yóò gbá a.

Nísàlẹ̀, bí ẹ bá ti pe ọlọ́kadà lókè, iṣẹ́ ti parí. Bí ẹ kò bá pè é, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àlọ kì í ṣòro ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò; àbọ̀ ni kí ẹ máa bèèrè. Àwọn ọkọ̀ abúlé ń jáde ní òwúrọ̀ pẹ̀lú àwọn ọlọ́jà, wọ́n sì ń bá wọn wọlé nírọ̀lẹ́. Ìwọ tí o jẹ́ àlejò ń rin òdì kejì: o ń wọlé láàárọ̀, o fẹ́ jáde nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, kí n tó gun òkè èyíkéyìí, mo máa ń bi ẹni mẹ́ta tí wọn kò jọ wà pọ̀ ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń jáde: onímọ́tò, ìyá tó ń ta nǹkan ní oríta, àti ọmọ ilé-ìwé. Bí ìdáhùn wọn kò bá dọ́gba, èyí tó yá jù nínú rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé.

Ọ̀nà Akúrẹ́ rọrùn ju ti Òkè-Ògùn lọ nípa èyí, torí títì ńlá ni, ọkọ̀ sì ń kọjá ní gbogbo ọjọ́. Olúmirìn, omi tó ń dà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kò jìnnà sí títì yẹn, láàárín Iléṣà àti Akúrẹ́. Ní Ìwó Róòdù, ní Ìbàdàn, ni mo ti ń wọ ọkọ̀ Akúrẹ́, mo sì máa ń sọ fún dírẹ́bà kí n tó jókòó pé Ẹ̀rìn ni n ó ti bọ́ sílẹ̀, ní wọ́tàfọ́ọ̀lù. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Àwọn mìíràn á gba owó Akúrẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀tọ́ wọn ni bó bá jẹ́ pé àyè yín yóò ṣófo dé òpin. Láti oríta, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn wọlé tàbí kí ẹ gun ọ̀kadà.

Ìpele méje ni omi náà ní. Ìpele àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó gbé mọ́tò wá ti ń lu ẹ̀rọ orin, tí ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n láti ìpele kejì lọ sókè ni igbó ti ń fún ọ̀nà, tí gbòǹgbò igi ti di àtẹ̀gùn, tí ariwo orin á kú tí ti omi á sì gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ tó lágbára àti bàtà tó ń gbá ilẹ̀ mú ló fẹ́. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá ni omi pọ̀ jù, ìgbà yẹn náà ni àpáta ń yọ̀ jù. Bí òjò bá ti ṣú, èmi kì í kọjá ìpele kejì.

Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú dé Akúrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìdànrè. Ọkọ̀ Ìdànrè ń kún kíákíá nítorí kòkó. Ìlú yẹn wà lára àwọn tó ń gbin kòkó jù lórílẹ̀-èdè yìí, lásìkò ìkórè, òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á wọ inú ọkọ̀ bá yín. Àtẹ̀gùn tibẹ̀ lé ní 600, pẹ̀lú ibi ìsinmi lójú ọ̀nà. Lókè ni ẹ ó ti rí ìlú àtijọ́ fúnra rẹ̀: ààfin Ọwá pẹ̀lú òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí, kóòtù, ilé-ìwé. Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO fọwọ́ sí.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọdé mọ̀ ju ààfin lọ. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan ń gbé orí òkè yẹn, níbi tí omi tín-ín-rín ti ń ṣàn lórí àpáta. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ọ̀pọ̀lọ́ Perret. Wọn kò tíì rí irú rẹ̀ ní ibòmíràn láyé. Ó lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi rí i mọ́, wọ́n sì ti ń rò pé ó lè ti run, kí àwọn olùwádìí tó tún bá a lórí òkè kan náà ní 2013. Ẹni tó bá ń da ọṣẹ tàbí ike sínú omi kékeré tó ń ṣàn lórí àpáta Ìdànrè, inú ilé kan ṣoṣo tí ẹ̀dá yìí ní láyé ló ń dà á sí.

Fún àwọn tí òkè kò bá lára mu, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni kí wọ́n lọ. Láti Oríta Ọláìyá, takisí kò ní pẹ́ gbé yín débẹ̀. Igbó náà jẹ́ 75 hẹ́kítà, ilẹ̀ tẹ́jú, ìbòji wà, ọ̀bọ wà lórí igi. Ìjọba sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fọwọ́ sí i ní 2005, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Susanne Wenger, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ti fi ère àti ògiri dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gé igi rẹ̀. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, kí ẹ lè gbọ́ odò. Olúmọ náà ń bẹ, ọkọ̀ ojú irin sì ń dúró ní Abẹ́òkúta, ní stéṣọ̀n Wọlé Ṣóyínká. Ẹ̀yin ọlọ́mọ kékeré, ẹ fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

N kò ní í fi ọ̀rọ̀ ààbò pamọ́, torí òun ni àwọn ọmọ mi fi ń bá mi jà. Àwọn ọ̀nà kan kò ṣeé rìn lásìkò kan, ó sì ń yí padà láti oṣù dé oṣù. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi dá lọ, tí n kì í sì í wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn onímọ́tò ni mo ń bi, torí wọ́n ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́, ẹ̀mí tiwọn náà sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní, "Màmá, ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ yìí sílẹ̀," mo ń fi í sílẹ̀ láìbèèrè ìdí.

Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo èyí ni pé nígbàkúgbà tí àwọn aláṣẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ibi ìgbafẹ́ wa, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sọ, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ń sọ. Owó ńlá ni wọ́n ń kà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí òkè wọ̀nyí nílò kò tó ìdá kékeré nínú owó yẹn. Pátákó kan ní oríta tí yóò kọ orúkọ ibẹ̀ àti iye kìlómítà rẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ ní ẹsẹ̀ òkè. Àti ọkọ̀ kan péré tí yóò máa kúrò ní Adó-Àwáyè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé, kún tàbí kò kún, tí yóò gbé èrò dé Mọ́níyà. Bí ọkọ̀ yẹn bá wà, tíṣà kan lè kó ogún ọmọ lọ wo Ìyàkẹ́, kò sì ní máa wá ẹni tí yóò yá a ní bọ́ọ̀sì. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní ìsinmi lè lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tí Mọ́níyà kò jìnnà sí wọn, lè lọ.

Mo sọ ọ́ fún alága gáréèjì kan lọ́nà yẹn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màmá, tí èrò bá wà, ọkọ̀ á wà." Mo ní, tí ọkọ̀ bá wà, èrò á wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ wá èrò méje tí wọn yóò máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, òun á sì yan dírẹ́bà kan fún wọn. Mo ti ní márùn-ún: àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi méjì tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, alágbàfọ̀ kan ní àdúgbò mi, ọmọ àbúrò mi, àti èmi. Ẹni méjì ló kù.